Ọwọ́ Tí Àǹtí Rò Pé Ó Ti Wọ Ilẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ìwé mi kò pọ̀. Kíláàsì kejì girama ni mo ti dúró. Ojú sì máa ń tì mí. Tí ènìyàn méjì bá wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, màá gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mò ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì. Mo rò pé tó bá pẹ́, á fúyẹ́. Ṣe ló ń wúwo sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rí ohun kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ kí n pinnu láti kọ ọ́. Mo máa sọ ọ́ tí mo bá dé ibẹ̀.

Kuje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac l'Ékòó ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń dirun. Nígbà tí mo kúrò níléèwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dì í. Orí kì í dun ènìyàn lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ tó máa ń ké tantan lọ́wọ́ ìyá mi, tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ mi, oorun ni wọ́n ń sùn. Èmi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni Mọ́mì ti rí mi. Gbogbo àdúgbò wọn ní Festac ló ń pè wọ́n ní Mọ́mì. Nọ́ọ̀sì ìjọba ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn sì ti kú. Wọ́n wá dirun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Mo ṣì ń dì í lọ́wọ́ tí wọ́n ti sùn lọ. Nígbà tí wọ́n jí, wọn ò béèrè dígí. Ọwọ́ mi ni wọ́n fà. Wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Ìyá onídìrí, irú ọwọ́ yìí lẹ wá ń fi dirun?"

Ìyá mi ní, "Kí la ó wá fi ṣe, Mọ́mì? Ṣé ká fi gúnyán ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ bá Mọ́mì ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí àwọn ènìyàn máa ń rò pé masáàjì ni. Mọ́mì kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn sétí. Wọn kì í ra ènìyàn, wọn kì í tẹ̀ ẹ́, wọn kì í fà á lápá. Ẹni tí ara ń ro á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì gíga kan, tòun taṣọ lọ́rùn rẹ̀. Mọ́mì á fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n á gbàdúrà kúkúrú, wọ́n á wá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, tàbí lábẹ́ ìpàkọ́, tàbí lórí ẹsẹ̀. Wọ́n á dúró bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti gan, ẹni tí orí ń fọ́ tí oògùn ò ràn án, irú wọn ló máa ń wá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, èjìká Mọ́mì fúnra wọn ni wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pariwo mọ́ mi.

"Ta ló ní kó o tẹ̀ mí? Ṣé fùláwà lo fẹ́ pò ni? Gbé e lé mi bí ìgbà tó o bá ń wò ó bóyá mọ́ínmọ́ín ti dì. Kó o wá dúró. Ọwọ́ ẹ ni kó máa gbọ́."

Mo dúró. Mo ń rò ó nínú mi pé àgbà yìí kàn ń bá mi ṣeré ni. Nígbà tó yá, abẹ́ ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan mira nísàlẹ̀ ẹran ara wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹja tó ń yí padà nínú omi tó jìn. Mo já ọwọ́ mi gbà kíá.

Mo ní, "Mọ́mì, kí nìyẹn?"

Wọ́n ní, "Ara ni. Ó ti rí i pé o ò wá bá òun jà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì bọ́ nínú ìyanu ọjọ́ yẹn. Láti kékeré ni mo ti ní ara, mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Mo ti fẹ́ dé ibi tó ń dùn mí.

Obìnrin kan wà tó máa ń wá. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n kàn pè wọ́n ní Àǹtí, torí Àǹtí ni mò ń pè wọ́n. Ọ̀nà Satellite Town ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà nígbà kan, níbi tí ọkọ̀ epo ti máa ń kọjá ṣáá. Ọ̀kan ṣubú lọ́jọ́ kan, epo dànù, iná sọ. Iná náà jó Àǹtí lẹ́yìn, ó jó wọn dé èjìká ọ̀tún.

Egbò náà ti jinná tipẹ́ kí n tó mọ̀ wọ́n. Ara wọn ni kò gbà pé ó ti jinná. Èjìká ọ̀tún yẹn ti gòkè lọ bá etí. Apá wọn kò lè ga ju àyà lọ. Ìjókòó ni wọ́n máa ń sùn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà nílé ìwòsàn, wọ́n ní ọwọ́ tó bá ti kàn wọ́n, ìrora ló ń bá a wá. Látìgbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, títí kan ọkọ wọn, títí kan ọmọ tí wọ́n bí. Tí pásítọ̀ bá ní kí olúkúlùkù dì mọ́ aládùúgbò rẹ̀, Àǹtí á mú báàgì, wọ́n á ṣe bí ẹni ń lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á lọ dúró síta títí orin á fi yí padà.

Mọ́mì ṣe sùúrù fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Àǹtí wá tó jẹ́ pé ìtàn lásán ni wọ́n jọ ń sọ. Àwọn ìtàn tí Àǹtí ń kà lójú ìwé yìí pàápàá wà nínú ohun tí wọ́n máa ń sọ, wọ́n fẹ́ràn ojú ìwé yìí púpọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbà kí Mọ́mì gbé ọwọ́ lé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Mọ́mì ṣèlérí.

"Ọwọ́ yín nìkan o, Mọ́mì. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn kàn mí."

Mọ́mì ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dojú bolẹ̀, tí ọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn, Àǹtí á béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin ni?" Mọ́mì á dáhùn pé, "Èmi ni." Tí orin ìyìn bá wà lẹ́nu Mọ́mì, wọ́n á kàn kùn nínú imú pé, "Ùn." Ìgbà yẹn ni Àǹtí tó máa ń mí.

Lẹ́yìn náà ni làkúrègbé mú Mọ́mì. Oríkèé ìka wọn wú, àwọn ìka náà wọ́. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń wá pé èmi ni màá máa gbé ọwọ́ lé wọn, pé àwọn á jókòó tì wá. Gbogbo wọn gbà. Àǹtí nìkan ni wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ fún.

Mọ́mì fara dà á, wọ́n ń ṣe ti Àǹtí fúnra wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn Àǹtí. Mo rí i tí ẹ̀yìn náà le gbagidi lábẹ́ aṣọ funfun. Mọ́mì wò mí. Ojú ni wọ́n fi pè mí. Mo rìn lọ síbẹ̀ láìwọ bàtà, wọ́n yọ ọwọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, mo fi tèmi síbẹ̀.

Àǹtí ní, "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mọ́mì ní, "Èmi ni."

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ̀yìn yẹn ṣe rí lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó le, ó rí ṣákaṣàka, bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Ó pẹ́ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti ń sọ nínú mi pé ibí yìí ti kú. Lójijì ló mí. Kì í ṣe Àǹtí ni mò ń sọ pé wọ́n mí o, ẹ̀yìn yẹn gan-an ni. Ó gbéra, ó sọ̀kalẹ̀, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Mo gbọ́ tí Àǹtí ń sunkún jẹ́jẹ́, ẹkún tí kò ní ìrora nínú. Mo sọ nínú mi pé, "Olúwa, ta ni mí tí o fi jẹ́ kí n wà níbí?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Kò dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú òrí tí Mọ́mì ń fi pa ọwọ́ pa tèmi, kí òórùn wa lè jẹ́ ọ̀kan náà. Mo ń ti ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí Àǹtí tó dé. Mọ́mì á gbàdúrà, wọ́n á jókòó níbi orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa kọrin. Èmi á gbé ọwọ́ lé Àǹtí lẹ́yìn. Tí a bá ti ṣe tán, màá sáré gbé bàsíà omi dání, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni.

Àǹtí máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láìmọ̀. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ fún mi nínú òrí yín yìí jàre. Ojú yín ń dàgbà, ọwọ́ yín ń padà sí ti ọmọ tuntun!" Mọ́mì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọjú wò mí. Èmi á wolẹ̀.

Èjìká yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Mo rí i tí Àǹtí na apá, tí wọ́n mú báàgì wọn lórí ìṣó lára ògiri, tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe é. Wọ́n ní àwọn ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wọlé pẹ̀lú ariwo.

"Mọ́mì! Mo dì mọ́ ìyàwó pásítọ̀! Kì í ṣe pé ó dì mọ́ mi o, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́!"

Wọ́n dì mọ́ Mọ́mì, àwọn méjèèjì ń jó yíká nínú yàrá. Àǹtí rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàsíà mi. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa." Mo lọ jókòó sí kíṣìnnì. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, mò ń wò ó bí ẹni pé kì í ṣe tèmi.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá Mọ́mì lẹ́bi.

Nígbà tí Àǹtí lọ lọ́jọ́ yẹn, Mọ́mì pè mí. Wọ́n ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ara ẹ̀ ti le tó láti gbọ́ òótọ́. Tó bá tún dé, kó tó dùbúlẹ̀, a máa sọ fún un. Mo ṣèlérí fún un, mo sì ti bà á jẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sàn tán ná." Mo ní ara Àǹtí á tún ká kò tí wọ́n bá gbọ́. Mo bẹ Mọ́mì títí omijé fi bọ́ lójú mi. Wọ́n wò mí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ó dáa.

Kì í ṣe nítorí Àǹtí nìkan ni mo ṣe bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé Àǹtí ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Láyé mi, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn mi rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yẹn gbọ́ mi. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyanu náà ju ẹni tó ni ara lọ.

Nígbà tí Àǹtí tún dé, oògùn làkúrègbé ti kun Mọ́mì lóorun. Wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n sùn lọ lórí àga. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Àǹtí.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mọ́mì ò jí. Fáànù nìkan ló ń yí. Wọ́n tún béèrè, mo sì gbọ́ tí ẹ̀yìn náà ń le bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo lè yọ ọwọ́ mi. Mo lè jí Mọ́mì. Mo kùn nínú imú, bí Mọ́mì ti máa ń kùn.

"Ùn."

Àǹtí mí, ara wọn rọ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Irọ́ yẹn, tèmi ni, kì í ṣe ti Mọ́mì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé Mọ́mì dè. Wọn ò dìde níbẹ̀. Wọ́n ti lọ.

Àǹtí wá kí àwọn ọmọ Mọ́mì. Wọ́n jókòó sínú pálọ̀, èmi ni mo gbé omi fún wọn. Abẹ́ tíréè ni mo fi ọwọ́ mi sí, kó má bàa kan tiwọn. Wọ́n ń wo fọ́tò Mọ́mì lára ògiri. Wọ́n ní, "Ọwọ́ yẹn ti wọ ilẹ̀. Ta ló tún máa fọwọ́ kàn mí láyé yìí?"

Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ wọn lo kúkú máa ń wà. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ ni?"

Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó tún mú Àǹtí fúnra wọn dúró lẹ́nu ẹ̀. Gbogbo ojú inú pálọ̀ wà lára mi. Mo ní, "Rárá, mà."

Wọ́n ní, "Áà. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ ẹ."

Bí wọ́n ṣe ń dìde, mo rí i pé èjìká ọ̀tún yẹn ti ń gòkè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àbúrò mi lọ bá ṣọ́ọ̀ṣì kan kọrin ní Amuwo. Mo tẹ̀lé e, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí olúkúlùkù dì mọ́ aládùúgbò rẹ̀, mo rí obìnrin kan tó mú báàgì, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Àǹtí ni. Mo dìde, mo tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ìdí ilé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dúró sí, wọ́n ká apá mọ́ra, èjìká wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Inú ilé ń hó yèè fún ayọ̀. Àárín èmi àti wọn kò ju bí ẹni tẹ́ ẹní. Mo padà wọlé.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ ọ́, ara wọn lè tì pa pátápátá, kí wọ́n máa rò pé irọ́ ni gbogbo ìwòsàn náà. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á máa ṣọ̀fọ̀ ọwọ́ tí kò kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ bá mi wí tó bá yẹ kí ẹ bá mi wí.

Àǹtí, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mọ́mì fẹ́ sọ fún yín, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ. Ẹ ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ fẹ́, mo sì jí àyè yẹn lọ́dọ̀ yín nígbà tí ẹ dojú bolẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbà pé ohun tí ara yín ṣe, òótọ́ ni. Ara yín ló ṣe é. Mo kàn wà níbẹ̀ ni.

Mi ò ní kí ẹ jẹ́ kí n tún kàn yín. Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Kuje ni mo wà báyìí, mò ń dirun. Tí ẹ bá lè wá, ẹ má dojú bolẹ̀ mọ́. Ẹ dúró níwájú mi, ẹ wò mí lójú, kí ẹ bi mí ní ohun tí ẹ máa ń bi Mọ́mì. Ojú á tì mí, ṣùgbọ́n mi ò ní kùn nínú imú. Màá la ẹnu mi, màá dá yín lóhùn.

Èmi ni.